Ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá kọ́ ara wa ní orin orí kọ̀ǹpútà

Ọ̀gá olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ kú làálàá. Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ọmọ ìlú ni mí, ó sì tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe orin orí kọ̀ǹpútà nínú yàrá mi. Àbúrò kan ládùúgbò wa ló mú mi kọ̀wé. Ó wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ ta alùpùpù tí òun fi ń ṣe zẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà tó ń gbé èrò, kí òun lè fowó ẹ̀ ra spíkà ńlá méjì tí òun rí nínú fídíò. Mo ní orin mélòó lo ti parí? Ó ní kò sí, gbogbo ẹ̀ ṣì wà ní ìdajì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ akínyẹmí ara, torí kò sẹ́ni tó là á yé e lédè tó gbọ́ dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni gbogbo fídíò tó ń wò, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe wọ́n sì rèé, ọjà ni wọ́n ń tà.

Spíkà ńlá nínú yàrá kékeré tí ògiri ẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì, tí òrùlé ẹ̀ jẹ́ páànù, ohùn béèsì á kàn máa gbá ògiri á máa padà wá ni, o ò ní mọ èyí tó jẹ́ orin àti èyí tó jẹ́ yàrá. Hẹ́dífóònù tó bo etí dáadáa ni mo ń lò, lẹ́yìn náà màá gbọ́ ọ lórí fóònù, torí orí fóònù ni àwọn èèyàn wa ti ń gbọ́ orin, WhatsApp ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Spíkà fóònù ò sì lè gbé béèsì tó jinlẹ̀ jáde rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi ohùn kan tó ga díẹ̀ lé béèsì lórí kó lè gbọ́ níbẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù mi, tòkunbọ̀ ni, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ torí pé láti 1983 ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ orin ti fẹnu kò sórí MIDI tí ẹ̀rọ kan fi ń bá èkejì sọ̀rọ̀, ó ṣì ń bá kọ̀ǹpútà mi sọ̀rọ̀ títí dòní.

Ti máíkì ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan yín. Máíkì condenser tó ń lo iná 48 volt yẹn, gbogbo nǹkan ló ń gbọ́, ewúrẹ́ ìta, ẹ̀rọ ìlọta, ọmọ tó ń ké nílé kejì. Máíkì dynamic lásán, ohun tó wà níwájú ẹnu ẹ̀ ló ń gbọ́ jù, òun ló bá ilé wa mu.

Nígbà kan mo gba ohùn ìyá ìlù lálẹ́, àfi bí oyin ṣe ń kùn lábẹ́ ẹ̀. Mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ máíkì, kò lọ. Ìgbà tí iná lọ lójijì ni kíkùn náà dákẹ́, tí kọ̀ǹpútà sì ń bá iṣẹ́ lọ lórí bátìrì. Àṣé láti inú ṣájà ló ti ń wọlé, iná ìjọba tiwa, 50 Hz ni, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun gan-an ni mò ń gbọ́! Látọjọ́ náà, tí mo bá ti fẹ́ gba ohùn, màá kọ́kọ́ yọ ṣájà, tí iná bá sì lọ kò kàn mí.

Ohun tó ká mi lára jù wá ni ìlù. Ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí à ń lù ní Kétu yìí, UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé láti 2001, àmọ́ nínú gbogbo lúùpù (ègé ìlù kúkúrú tó ń tún ara ẹ̀ lù) tí mo ti rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì mi ò bá ìlù Kétu kankan níbẹ̀. Ojú ìlà 16 tí ẹ ó máa to ìró sí ni kọ̀ǹpútà máa ń ṣí sílẹ̀ fún yín, ó ń pín ẹsẹ̀ ìlù kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ìlù tiwa sì rèé, mẹ́ta ló sábà máa ń pín in sí, àwọn ọmọ ìlù á wá máa rìn láàárín méjèèjì. Mo gba ohùn bàbá onílù kan (mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó tan ẹ̀rọ o, ìlù kan wà tí wọ́n ní kò yẹ kó wọ inú kọ̀ǹpútà, mi ò sì gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀), mo wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fa gbogbo ìró náà sórí ìlà. Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Ta ló so ọmọ yìí lẹ́sẹ̀?" Mo tú u padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì tún ohùn ìró kọ̀ọ̀kan ṣe kó lè bá kíbọ́ọ̀dù mu o, oríkì ni ìlù ń pè, tí àmì ohùn bá ti yí, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn.

Buffer náà tún wà níbẹ̀, ìyẹn iye ègé ìró tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lé wọn lórí. 512 ni mo kọ́kọ́ fi sí, ní ègé ìró 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ìyẹn tó bí ìdá 12 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, tó bá lọ tó bọ̀ ó di ìlọ́po méjì, bàbá ní ọwọ́ àwọn ń ṣáájú etí àwọn. Mo fi sí 128, ó tán. Ìgbà tí mo bá ń to orin pọ̀ ni mo máa ń dá a padà sí 1,024 kí kọ̀ǹpútà lè mí.

Ọ̀gá olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi rèé: ẹ fún wa ní igun kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí àwọn ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ máa fi Yorùbá béèrè ọ̀rọ̀ báyìí, kí àwa tá a mọ díẹ̀ sì máa dá wọn lóhùn. Èmi á kọ ti oṣù àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àbúrò mi yẹn ṣì ń gun alùpùpù ẹ̀, ọjọ́ Sátidé ló ń bọ̀ wá bá mi ká jọ parí ọ̀kan nínú àwọn orin ìdajì yẹn.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ń kà yín ní Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀