Bàbá, ìdí tí mo fi ń lo irin fa ọsán ọrun

Wisconsin, Amẹ́ríkà

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Ṣé eékún yẹn ti ń fúyẹ́? Màmá ńkọ́, àwọn ará Ìsìkàn ńkọ́? Owó tí mo fi ránṣẹ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, oògùn ni kẹ́ẹ fi rà.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ sọ lórí fóònù ò kúrò lọ́kàn mi, pé kí ni mo tún ń wá irin tí màá fi fa ọrun sí nígbà tí Olódùmarè fún mi ní ìka. Fóònù yín kú kí n tó dáhùn, ló jẹ́ kí n kọ ọ́ kí Fẹ́mi kà á fún yín.

Ọrun tibí ò dà bíi ti ayé àtijọ́ o. Compound ni wọ́n ń pè é, ó kúrú, irin róbótó bíi kẹ̀kẹ́ wà lókè àti nísàlẹ̀ ẹ̀. Tèmi, agbára 60 páùn ni wọ́n fi ń fà á, ṣùgbọ́n tó bá ti dẹ́yìn tán kẹ̀kẹ́ yẹn á gba ìyókù, bíi 12 páùn ló máa ń kù tí mò ń dì mú. Torí pé ó kúrú, ọsán ẹ̀ máa ń fún ìka pọ̀, téèyàn bá sì fi ìka jù ú sílẹ̀ á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ọfà á wá máa jó lọ. Irin tẹ́ẹ ń sọ yẹn, release ni wọ́n ń pè é, òun ló ń kọ́ ọsán dípò ìka, tí mo bá tẹ trígà ẹ̀ á jù ú sílẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí ọsán kúrò lójú kan ṣoṣo.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń so ó mọ́, àmọ́ ó ń lẹ̀ mọ́ra bíi ti bàtà ọmọdé. Àárọ̀ kùtù November kan mo wà lórí ègùn, òtútù ń mú gan, mo ní kí n tún un so, ó dún ṣàààrà, àgbọ̀nrín tó ń bọ̀ gbé ìrù funfun ẹ̀ sókè, ó ti lọ! Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wá yá mi ní èyí tí wọ́n ń dì mọ́ àtẹ́lẹwọ́, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó dáa lọ́wọ́, ó sì wọ́n, òmíì lé ní 150 dọ́là, ṣùgbọ́n kò so mọ́ nǹkan kan, mo ń gun igi lọ nínú òkùnkùn ló bọ́ sínú ewé, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Èyí tó dùn mí jù lọ rèé. Mo padà sí ti ọrùn ọwọ́, mo wá jẹ́ kí trígà ẹ̀ fúyẹ́ jù, bí mo ṣe rí ẹran báyìí orí ìka ni mo fi gbá a, ọfà ti lọ kí n tó dúró dáadáa, itan ló bà. Mo fi tọ́ọ̀ṣì tọpa ẹ̀jẹ̀ títí di aago 11 alẹ́, mi ò rí i. Mi ò lè jẹun. Ohùn yín ni mò ń gbọ́, lóko wa lọ́nà Ìgbátòrò, tẹ́ẹ di ọwọ́ mi mú lára ṣakabùlà, tẹ́ẹ ní má já a, fún un díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọsàn mu, ẹran ò gbọdọ̀ lọ jìyà sínú igbó.

Bàbá, ìyẹn ni mo fi yan èyí tí mò ń lò báyìí. Bẹ́líìtì onírin ló ní, kì í pariwo, ihò kan náà ni mò ń fi í sí lójoojúmọ́ kí ọwọ́ mi má baà gùn tàbí kúrú ju ti àná lọ. Àwọn kan ní ẹnu méjì bí ẹ̀mú, tèmi ìkọ́ kan ṣoṣo ni, mo lè fi kọ́ okùn kékeré tí wọ́n so mọ́ ọsán láì wo ilẹ̀. Mo mú trígà ẹ̀ le díẹ̀, mo fa okùn ẹ̀ kúrú kí oríkèé ìka ló máa dé ibẹ̀, kì í ṣe orí ìka. Tí mo bá ń fa ọsán, ẹ̀yìn trígà ni ìka mi máa ń wà, torí tó bá lọ já nígbà yẹn, èèyàn lè gbá ara ẹ̀ lẹ́nu. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti August ni mo fi ń ta á lẹ́yìn ilé.

Sátidé tó kọjá, àgbọ̀nrín kan dúró ní bíi yáàdì 20. Mo fún un díẹ̀díẹ̀. Kò rìn tó ọgọ́ta ẹsẹ̀ tó fi ṣubú, ìgbáàyà gan-an lọfà wọlé.

Àkọ́kọ́ tó ń pariwo yẹn ti wà nínú báàgì tí mò ń gbé bọ̀ ní December, kẹ́ẹ fi ọwọ́ ara yín wò ó.

Ọmọ yín,
Dàpọ̀