Ẹ yé ta mọ́nítọ̀ fún ẹni tí driver ni kò ní

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ ọ: ẹ yé ní kí àwọn èèyàn lọ ra mọ́nítọ̀ tuntun nígbà tó jẹ́ pé driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows mọ bí yóò ṣe lo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, ni kọ̀ǹpútà wọn kò ní.

Ṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé ni mo ní ní Under G, létí LAUTECH. Próójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ là ń tẹ̀. Kọ̀ǹpútà tọ́kùnbọ̀ ni mò ń lò, bíi ti ọ̀pọ̀ wa níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì wọ inú rẹ̀, mo gbé e lọ fún ẹnjiníà, ó fọ́ọ̀mátì rẹ̀, ó fi Windows mìíràn sí i. Nígbà tí mo tàn án ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́tà ti fẹ̀, àwòrán róbótó tó wà nínú káàdì ìgbéyàwó kan sì ti rí gbọọrọ bí ẹyin. Mo pè é. Ó ní, "Màmá, mọ́nítọ̀ yín ló ń kú lọ. Ẹ wá owó òmíràn."

Mọ́nítọ̀ tó ń kú kì í ṣe báyẹn. 1366 x 768 ni wọ́n ṣe ojú tèmi fún, ìyẹn iye àmì kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán, ní ìbú àti ní òró. 1024 x 768 ni kọ̀ǹpútà ń rán sí i, mọ́nítọ̀ wá ń na èyí tó rí gbà kó lè kún ojú rẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ yan Device Manager, ẹ ṣí Display adapters. Bí ẹ bá bá Microsoft Basic Display Adapter níbẹ̀, a jẹ́ pé Windows kò ní driver gidi fún ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde. Èyí tó wà fún pàjáwìrì ló ń lò. Òun gan-an ni mo bá nínú tèmi. Mo wo nọ́ńbà tó wà lára kọ̀ǹpútà náà, mo wọ ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, mo wa driver Intel tó bá a mu, mo fi sí i, mo pa á, mo tún un tàn, mo sì yan 1366 x 768 nínú Display settings. Ẹyin padà di róbótó.

Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní Arówómọlẹ̀, gba irú ìmọ̀ràn yẹn gbọ́ ní tiwọn. Owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fi ra mọ́nítọ̀. Wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, bákan náà ló rí. Inú bí mi gidigidi nígbà tí wọ́n sọ fún mi, nítorí owó yẹn kì í tètè dé, ta ni yóò sì gba mọ́nítọ̀ padà lọ́wọ́ wọn?

Mo mọ̀ pé dátà wọ́n. Bí kọ̀ǹpútà bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Windows Update fúnra rẹ̀ sábà máa ń wá driver náà wá, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ yín ti ń fọ́ọ̀mátì. Ẹ fi owó dátà kún owó iṣẹ́ yín, a ó san án. Ẹ kọ orúkọ tó wà ní Display adapters sílẹ̀ kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Àwọn tọ́kùnbọ̀ àtijọ́ kan wà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kò ṣe driver Windows 10 fún wọn rárá. Ẹ sọ fún ẹni tó ni ín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì wa driver lórí ìkànnì tí ẹ kò mọ̀, torí fáírọ́ọ̀sì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde lè tibẹ̀ wọlé padà.

Bí driver bá pé, tí ojú rẹ̀ ṣì ń fẹ̀, wáyà VGA tó so mọ́nítọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Inú rẹ̀ ni mọ́nítọ̀ ti ń sọ irú ojú tí òun ní fún kọ̀ǹpútà. Bí pín kan lẹ́nu wáyà náà bá ṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà lè má dé. Kí ẹ tó pe mọ́nítọ̀ onímọ́nítọ̀ ní òkú, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn wò ná.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá onítẹ̀wé,
Under G, Ògbómọ̀ṣọ́