Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi ní Iléṣà: Iyàrá Amọ̀ Méjì fún Ẹ̀yìnkùlé

Exeter, Devon, England
Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó ilé. Ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ bá mi kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí fóònù, pé bíríkìlà ní ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ iyàrá méjì tó wà lẹ́yìnkùlé nítorí pé amọ̀ kì í pẹ́ wó. Ẹ̀gbọ́n mi, omi ló ń wó ilé amọ̀. Níbi tí omi ò bá ti ráyè dúró, amọ̀ ń bẹ títí. Ní Devon níbí, ilé amọ̀ pọ̀ lábúlé. Cob ni wọ́n ń pè é. Ilé Hayes Barton tí wọ́n ti bí Sir Walter Raleigh, gbajúmọ̀ arìnrìn-àjò ojú òkun ilẹ̀ England, ní nǹkan bí ọdún 1552, ilé amọ̀ ni, ó ṣì dúró. Àwọn àgbà ibí máa ń sọ pé bàtà gidi àti fìlà gidi ni ilé amọ̀ ń fẹ́: ìpìlẹ̀ òkúta ni bàtà, òrùlé tó yọ síta ni fìlà.

Ilẹ̀pa ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí wọ́n ha ilẹ̀ dúdú tó wà lókè kúrò, bí ẹsẹ̀ bàtà 1, torí pé gbòǹgbò àti ewé inú rẹ̀ yóò jẹrà nínú ògiri, ikán yóò sì wá a wá. Ilẹ̀ pupa abẹ́ rẹ̀ la fẹ́. Ẹ bu ú sínú ìgò títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ pọn omi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Iyanrìn á ti wà nísàlẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Èyí tó kúnná jù ú lọ á tẹ̀lé e láàárín wákàtí díẹ̀. Amọ̀ gan-an ló ń kẹ́yìn. Ó lè gbà tó ọjọ́ kan sí méjì kí omi tó mọ́ gaara. Ẹ fi rúlà wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí amọ̀ bá jẹ́ ìdá 15 sí 25 nínú 100, ó dára. Bó bá pọ̀ jù, ògiri á sán bó bá ń gbẹ. Bí kò bá tó, á máa rún bí búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin.

Ìgò nìkan ò tó ẹ̀rí. Kí wọ́n yọ bíríkì mẹ́ta: ọ̀kan láìsí iyanrìn, ọ̀kan tí ilẹ̀pa garawa 2 gba iyanrìn odò garawa 1, ọ̀kan tí wọ́n dọ́gba. Kí wọ́n gbẹ lábẹ́ ibòòji fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí kò sán, tí èékánná ò sì rí họ, òun ni ká lò.

Ẹ ra tapólíìnì tó nípọn ní ọjà Àtàkúnmọ́sà. Orí rẹ̀ ni wọ́n máa da ilẹ̀pa àti iyanrìn sí, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fa etí tapólíìnì kí ó yí padà, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó bá dì mọ́ra ni kí wọ́n tó fọ́n koríko bẹẹrẹ gbígbẹ lé e: kílò 1 ààbọ̀ sí 2 fún ilẹ̀ kílò 100. Koríko tútù á jẹrà, á sì fi ihò sílẹ̀. Láti mọ̀ bóyá omi rẹ̀ ṣe rẹ́gí, ẹ ṣù ú bí ọsàn, kí ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti ibi tó ga dé àyà. Bó bá fọ́ yángá, ó gbẹ jù. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ̀kọ gbígbóná, omi ti pọ̀. Kí ìdí rẹ̀ kàn tẹ́ díẹ̀ ni a fẹ́.

Ìpìlẹ̀ òkúta gbọ́dọ̀ yọ ẹsẹ̀ bàtà 1 ààbọ̀ sókè ilẹ̀, kí òjò tó ń ta padà láti ilẹ̀ má kan amọ̀. Bí ikán bá ń gun òkúta, ẹ ó rí ọ̀nà rẹ̀ níta, ẹ ó sì ha á dànù. Kí ògiri nípọn ní ẹsẹ̀ bàtà 1 ààbọ̀. Ìpele kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 1 ààbọ̀ lọ, torí pé bó bá ga jù, ìwúwo rẹ̀ á mú kí ikùn rẹ̀ yọ. Ìpele ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn á gba nǹkan bíi bárò 13 sí 15. Kí ó sinmi ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, títí tí àtàǹpàkò ò ní wọlé mọ́, ká tó gbé òmíràn lé e. Ìpele 5 lórí òkúta yóò fún wa ní ẹsẹ̀ bàtà 9. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, òrùlé á ti wà lórí rẹ̀ kí òjò oṣù kẹta tó dé.

Ẹ ṣọ́ ọyẹ́ o. Ó máa ń gbẹ ara ògiri kí inú rẹ̀ tó gbẹ, ìyẹn ló sì ń mú un sán. Kí wọ́n fi àpò tútù tàbí imọ̀ ọ̀pẹ bò ó ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí wọ́n fi ṣọ́bìrì tó mú gé ohun tó bá yọ síta kí ó tó le. Kí àtẹ́rígbà jókòó lórí ògiri ní ínṣì 12 lọ́tùn-ún, 12 lósì, kí wọ́n sì fi àlàfo ínṣì 2 sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti férémù, torí pé amọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bó bá ń gbẹ. Páànù gbọ́dọ̀ yọ ẹsẹ̀ bàtà 2 kọjá ògiri. Kí káfíńtà má ṣe bá yín dín in kù nítorí owó.

Èyí tó ká mi lára jù ni símẹ́ńtì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ náà, bó ti wù kó dán tó. Símẹ́ńtì le, amọ̀ ń sún díẹ̀díẹ̀. Símẹ́ńtì á là, omi á gba ojú ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rọ́nà jáde mọ́. Ìsàlẹ̀ ògiri á máa mu omi láìsí ẹni tó rí i, títí tí yóò fi rọ̀, tí yóò sì jókòó lójijì. Ohun tó wó ọ̀pọ̀ ilé amọ̀ ní Devon níbí nìyẹn, lẹ́yìn tó ti dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún méjì, mẹ́ta.

Ẹ lọ síbi ògiri pálọ̀ Bàbá, tó jẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́, lápá ibi tí òjò ń fẹ́ sí. Ẹ fi oríkèé ìka kàn án láti òkè wá sílẹ̀. Níbi tó bá ti dún kíki, símẹ́ńtì ṣì mọ́ ọn lára. Níbi tó bá ti dún bí igbá òfìfo, ó ti ṣí kúrò lára amọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rọra fi ṣísẹ́lì ṣí ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kó gbẹ jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kí wọ́n tó fi omi rin ín, kí wọ́n fi ilẹ̀pa àti koríko dí i. Ohun tí a ó fi rẹ́ ẹ, àti iyàrá tuntun náà, ni ilẹ̀pa tí a ti jọ̀ garawa 1, iyanrìn garawa 2 sí 3, koríko gígé wẹ́wẹ́, àti ìgbẹ́ màlúù tí a ti rẹ fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n rẹ́ ẹ, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ tán.

Ẹ ya ìgò náà ní fọ́tò bí omi bá ti mọ́, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín,
Ọmọ́wùmí