Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, kó tó wọ iṣẹ́ ọ́fíísà rísáàfù

Kubwa, Abuja

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé. Màmá rẹ kí ọ, àwọn àbúrò rẹ náà kí ọ. Mo ti ka ìwé tó o fi ránṣẹ́ pé wọ́n ti gbà ọ́ fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọ́fíísà rísáàfù (ọmọ ogun ìpamọ́ tí wọ́n ń pè nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀) lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, pé wàá máa bá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ lọ ní Leeds, wàá sì máa lọ sí bárékè lópin ọ̀sẹ̀. O ní ṣé mo fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó o mọ ohun tó ò ń kó sí, nítorí iṣẹ́ náà ti kúrò ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Láyé ọjọ́un, nítorí àtirọ́pò ẹni tó bá kú ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ yunifásítì níṣẹ́ ọ́fíísà. Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọ́fíísà sílẹ̀ lọ́dún 1908, Amẹ́ríkà fi òfin gbé tirẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1916. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń gbẹ̀mí àwọn lẹ́fútẹ́náǹtì, irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń dí àlàfo. Kí wọ́n lè ṣáájú nǹkan bí 30 ènìyàn, kí wọ́n lè ka máàpù, kí wọ́n má sì sá, ó tán. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé kò kan ẹnikẹ́ni.

Ní báyìí, iṣẹ́ ilé gan-an ni wọ́n ń wá. Wo Ukraine. Òfin tó dá ẹ̀ka ààbò agbègbè wọn sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù January 2022. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 24 oṣù February, Rọ́ṣíà ti wọlé. Oṣù méjì kò pé! Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń fi dróònù ya àwòrán ìgbéyàwó, mẹkáníìkì, tíṣà, gbogbo wọn wọ aṣọ ogun, ohun tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì fi jà. Lọ́dún 2024, Ukraine yọ dróònù sọ́tọ̀, ó di ẹ̀ka ogun tó dá dúró. Ní Israel, láàárín ọjọ́ mélòó kan ní October 2023, wọ́n pe rísáàfù tó lé ní 300,000. Ní June 2025, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ipò lẹ́fútẹ́náǹtì-kọ́nẹ́ẹ̀lì dá àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mẹ́rin lọ́lá nínú rísáàfù. Má fi tiwọn ṣe àwòkọ́ṣe o. Ìmọ̀ràn ni wọ́n pè wọ́n fún. Ìwọ yóò ní ènìyàn lábẹ́ rẹ, inú pápá ni ẹ ó sì wà.

Àwa náà rí irú rẹ̀ níhìn-ín ní Òkè Ọya. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Maiduguri kó ara wọn jọ lọ́dún 2013 láti ran sójà lọ́wọ́, igi àti àdá ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tí sójà kò ní ni wọ́n ní: wọ́n gbọ́ Kanuri, wọ́n mọ ilé tí àlejò wọ̀, wọ́n mọ ọmọ ẹni tí kò sùn sílé. Àmọ́ wọn kò ní ipò lábẹ́ òfin ológun, wọn kò sì ní ẹ̀tọ́ tí sójà ní bó bá farapa. Ìwọ yóò ní méjèèjì. Orílẹ̀-èdè wa kò tíì ní rísáàfù tí í lọ bárékè lópin ọ̀sẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala 220 ìwé òfin 1999 ti mẹ́nu ba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ológun fún ará ìlú.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àkókò. Ọ̀sẹ̀ 44 ni ọ́fíísà tó fi iṣẹ́ ológun ṣe iṣẹ́ ń lò ní Sandhurst, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ́fíísà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Tìrẹ kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Lẹ́yìn náà, nǹkan bí ọjọ́ 27 ni wọ́n ń retí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ rísáàfù lọ́dún kan. Kò sí bí wọ́n ṣe lè kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan láàárín ìyẹn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, nítorí náà mú àwọn nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o sì máa fi wọ́n ṣe eré ìdárayá ọwọ́ rẹ nílé.

Rédíò ni mo fẹ́ fi ṣáájú, torí òun ni iṣẹ́ ọwọ́ mi, òun náà sì ni àwọn ọ̀dọ́ ọ́fíísà máa ń fojú kéré jù. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí rédíò bá ti ń yí ọ̀rọ̀ padà kí ọ̀tá má baà gbọ́ ọ, ewu ti tán. Ọ̀rọ̀ ló bò, kò bo ibi tó o wà. Bí ibùdó ìgbọ́rọ̀ méjì tó jìnnà síra bá ti mọ ìhà tí àmì rẹ ti ń wá, ibi tí ìlà méjèèjì bá ti kọjá lára wọn ni o jókòó sí. Nítorí náà, kọ ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀ kó o tó tẹ bọ́tìnnì. Ka á lẹ́ẹ̀kan, gé e kúrú, sọ ọ́, gbé ọwọ́ kúrò. Lo agbára tó kéré jù tí ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀ fi lè gbọ́ ọ. Bí wáàtì 1 bá tó, kí lo fẹ́ fi 5 ṣe? Fi òkè tàbí ilé sáàárín antẹ́nà rẹ àti ọ̀tá. Má gbé antẹ́nà lé orí ibi tí o ti ń pàṣẹ: na wáyà, kí antẹ́nà jìnnà síbẹ̀, torí òun ni ọta ìbọn máa kọ́kọ́ wá.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó ń pe ibùdó ní aago mẹ́fà gééré lójoojúmọ́ ti fún ọ̀tá ní ìlànà iṣẹ́ rẹ̀. Òtútù máa ń dín agbára bátìrì kù, nítorí náà abẹ́ aṣọ, lára rẹ, ni kí èyí tó kù máa wà. Èyí tó burú jù ni pé bí rédíò bá ti kọṣẹ́, wọn á na ọwọ́ sí fóònù.

Ọ̀rọ̀ fóònù wá kúrò ní kékeré. Lóru ọdún tuntun 2023, ní Makiivka, ìlà-oòrùn Ukraine, rọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́ lé ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan tí wọ́n kó sójà Rọ́ṣíà sí. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè láti ilé, bí wọ́n ṣe lè pe ìwọ náà. Ìjọba Rọ́ṣíà fúnra wọn ní 89 ló kú, wọ́n sì ní fóònù tí wọ́n ń lò ló fà á. Lójú tèmi, fóònù nìkan kọ́. Ta ló kó ènìyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ òrùlé kan? Ọ́fíísà ni. Pínyà àwọn ènìyàn rẹ, kódà bí ilé tó dára bá ṣẹ́ kù ẹyọ kan. Kó fóònù wọn jọ kẹ́ ẹ tó gbéra, má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀, torí fóònù tó kú lójijì ní ẹnu ibùdó náà ń sọ̀rọ̀. Aago eré ìdárayá ń kọ́? Ní January 2018, àwọn ènìyàn rí ojú ọ̀nà tí sójà ń sáré gbà nínú bárékè wọn lórí máàpù Strava, áàpù tí àwọn ènìyàn fi ń ka eré tí wọ́n sá, tí gbogbo ayé lè wò. Àwòrán tí ẹ bá sì yà lè gbé ibi tí ẹ ti yà á sínú.

Ó kan dróònù. Èyí tí wọ́n ń fi jà jù lónìí ní Ukraine kéré, owó rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là lọ, ẹni tó ń darí rẹ̀ sì ń rí ohun tó ń rí nínú awò ojú. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi ẹ̀rọ da àmì rẹ̀ rú. Ọ̀tá wá so okùn fáíbà tín-ín-rín tó ń gbé àṣẹ mọ́ ọn nídìí, kò sí àmì kankan mọ́ láti dà rú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń na àwọ̀n ìpẹja bo ojú ọ̀nà, kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lè há. Má sì rò pé ti òyìnbó nìkan ni: ní December 2024, àwọn agbésùnmọ̀mí fi dróònù ju bọ́ǹbù sí ibùdó sójà ní Wajiroko, ìpínlẹ̀ Borno.

Ohun tí ìyẹn sọ fún ọ̀dọ́ ọ́fíísà ni pé kò sí ẹ̀yìn ogun mọ́. Ọkọ̀ tó ń gbé omi bọ̀ láti kìlómítà mẹ́wàá wà nínú ewu bí ẹni tó wà níwájú. Má pe gbogbo ènìyàn jọ yí ọ ká láti gba àṣẹ. Pe olórí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lọ sọ fún àwọn tiwọn. Àlàfo kí ó wà láàárín ẹni méjì tó ń rìn. Orí rẹ ni kó o kọ́kọ́ wá ohun tí yóò bò, kó o tó wá iwájú. Kámẹ́rà tó ń rí ooru kò náání aṣọ tó jọ ewé: jẹnẹrétọ̀, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àti iná ìdáná ń tàn lójú rẹ̀ lóru. Ipa táyà tó wọ inú igbó tí kò jáde tún ń tọ́ka sí yín.

Nípa máàpù, nọ́ńbà tí a ń kà lára àwọn ìlà rẹ̀ ni a fi ń pe ibi kan: nọ́ńbà mẹ́fà ń fi ibẹ̀ hàn láàárín 100 mítà, nọ́ńbà mẹ́jọ ń fi í hàn láàárín 10. Ìhà ìlà-oòrùn ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà, kí wọ́n tó ka àríwá. Ẹni tó bá yí i padà ti darí ìbọn ńlá síbòmíràn. Tún wo etí máàpù, ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n wà níbẹ̀. Máàpù Nàìjíríà àtijọ́ dúró lórí ìpìlẹ̀ Minna, GPS dúró lórí òmíràn, ìyàtọ̀ méjèèjì sì lè sún mọ́ 100 mítà. Ní ìgbèríko, 100 mítà ni àlàfo ibùdó ọ̀tá àti ilé-ìwé àwọn ọmọdé.

Ẹ̀jẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, má fi èyí sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Okùn ìdẹ́kun ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tourniquet, kí ó wà níbi tí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì rẹ ti lè dé e, kí ó ti kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀. Fi sí apá tàbí ẹsẹ̀, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 lókè ojú ọgbẹ́, má fi sórí oríkèé. Bí o kò bá rí ojú ọgbẹ́, gbé e lọ sókè pátápátá. Fa okùn náà le dáadáa kó o tó yí igi rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n fi okùn sílẹ̀ ní dídẹ̀, wọ́n wá ń yí igi títí, okùn ń lọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Yí i títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dúró, há igi náà, kọ aago tó o dè é. Yóò dùn ún gan-an, yóò ní kó o tú u. Má tú u. Ra èyí tó dájú, torí ayédèrú wà tí igi rẹ̀ ń kán.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé kí ẹni tó gbọgbẹ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà láàárín wákàtí kan. Dróònù ti lé hẹlikópítà lọ, ó ti lé ọkọ̀ aláìsàn lọ, ẹlòmíràn ń dúró di alẹ́ tàbí di ọ̀la. Bí okùn náà bá sì ti pẹ́ ju wákàtí méjì lọ, ewu ń pọ̀ sí i fún ẹsẹ̀ yẹn. Nítorí náà, wá ẹni méjì lábẹ́ rẹ tí a ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi báńdéèjì tó ń tẹ ọgbẹ́ rọ́pò rẹ̀, bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹni méjì, torí ẹni kan lè jẹ́ ẹni tó gbọgbẹ́.

Sájẹ́ntì rẹ yóò dàgbà jù ọ́ lọ. Ilé tá a ti tọ́ ọ, o kúnlẹ̀ kí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, òun ni yóò sì máa dúró ṣánṣán kí ọ. Má jẹ́ kí ó dà ọ́ láàmú. Àṣẹ ni tìrẹ, ìrírí ni tirẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níkọ̀kọ̀ kó o tó pàṣẹ ní gbangba, má sì bá a wí lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Bí o kò bá mọ nǹkan, sọ bẹ́ẹ̀. Níbi tó o ti mọ̀, lórí kọ̀ǹpútà àti ìsọfúnni, sọ ọ́ ketekete, kódà bí mejọ̀ kan bá ń fojú di ọ́.

Ìyẹn mú mi dé ibi tí mo rò pé wọn yóò lò ọ́ jù. Wọn yóò gbé ẹ̀rọ fún ọ tó ń tọ́ka sí ẹni tí wọn yóò yìnbọn sí. Àmì tó wà lójú rẹ̀ lè ti pé wákàtí mẹ́ta, ọkọ̀ náà ti lọ, ọkọ̀ agbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wo aago ìsọfúnni náà, wá ẹ̀rí kejì tí kò ti orísun kan náà wá, bi ara rẹ léèrè ta ni kì í ṣe jagunjagun nítòsí. Àdéhùn Geneva ti 1949 kò mọ ẹ̀rọ, ènìyàn ló mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé àṣẹ láti òkè ti gbà ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Lábẹ́ òfin rísáàfù Gẹ̀ẹ́sì ti 1996, wọ́n lè pè ọ́ tipátipá. Òfin 1985 sì dáàbò bo iṣẹ́ tó o fi sílẹ̀, bí o bá kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́ rẹ lásìkò nígbà tó o bá padà. Sọ fún ọ̀gá rẹ ní Leeds ní ọ̀sẹ̀ yìí, má dúró dìgbà tí ìwé ìpè bá dé. Kọ ìwé ìpín ogún rẹ. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè ìbátan, má kọ nọ́ńbà mi nìkan, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kubwa máa ń lọ: fi ti àǹtí rẹ ní Kaduna kún un, kó o sì kọ +234 síwájú méjèèjì. Fi ọjọ́ tí Sandhurst bá fún ọ ránṣẹ́ sí wa bó bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí màmá rẹ lè mọ ìgbà tí yóò máa retí ìpè rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ