Lẹ́tà ìparí sáà sí àwọn òbí: ọ̀rọ̀ owó láàbù

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n ní Ẹ̀pẹ àti agbègbè rẹ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Èsì ìdánwò ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ilé aláwọ̀ ewé ló gba ife eré ìdárayá. Ṣùkú ni irun àwọn ọmọbìnrin bí a bá wọlé.

Ó wá ku owó láàbù tó kúrò ní ₦5,000 tó di ₦8,000. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ ní ìpàdé, mo sì gbọ́ èyí tí ẹ sọ lẹ́yìn mi. Ọmọ SS3 mẹ́jọ ló ń du bùrẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn omi kẹ́míkà, tí ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́; kó tó kan ẹni ìkẹjọ, agogo ti lù. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe kẹ́mísìrì WAEC. Ṣé ẹnu ni kí a fi kọ́ ọ ni?

Bàbá kan tún bèèrè ẹni tí Alice Ball jẹ́, tí a fi sọ ẹgbẹ́ kẹ́mísìrì àwọn ọmọbìnrin wa. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni. Lọ́dún 1915, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè másítà kẹ́mísìrì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó di Yunifásítì Hawaii. Òróró chaulmoogra, tí wọ́n ń fún lára èso igi kan, ni wọ́n fi ń wo ẹ̀tẹ̀ nígbà náà: ẹni tó bá gbé e mì á bì í, bí wọ́n bá sì gún un lábẹ́rẹ́, abẹ́ awọ ló ń dì sí. Ball ló sọ ọ́ di ethyl ester, ìyẹn oògùn ṣíṣàn tí ara lè gbà bí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́. Ọmọ ọdún 23 ni! Ó kú ní 1916. Ìwé ìròyìn ìgbà náà ní gáàsì klórínì tó fà símú níbi tó ti ń kọ́ni ló fà á. Arthur Dean, olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde láìdárúkọ rẹ̀. Ó di 1922 kí Dókítà Hollmann, oníṣègùn tó ní kí Ball bá òun ṣiṣẹ́ lórí òróró náà, tó kọ ọ́ síta pé Ball ló ni ín.

Nítorí irú gáàsì bẹ́ẹ̀, nínú owó láàbù yìí la ó ti ra ẹ̀rọ tí ń fa gáàsì jáde. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí owó náà.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí kan náà ló fi àdín se ọṣẹ tó ń ṣí òórùn ẹja lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní ọjà Olúwo. Ẹ bá mi yìn wọ́n dáadáa; mo ti tọ́jú ọṣẹ díẹ̀ sí ọ́fíìsì fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò.

Ẹ san owó náà kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí. Ẹni tí apá rẹ̀ ò ká a lẹ́ẹ̀kan, kó wá rí akápò, a ó pín in sí méjì. Ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀, ọmọ rẹ̀ ò ní wọ láàbù.

Ẹ ṣeun fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yín.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé