Ẹ Má Jẹ̀ẹ́ N Gbàgbé Pé Kristẹni Ni Mí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́rú, màmá kan gbé fóònù wá bá mi, omi ti lé sójú wọn. "Pásítọ̀, ẹ wo ohun tí ọmọ mi ń gbọ́ mọ́jú." Mo ka àkọlé orin náà: Losing My Religion, ìyẹn ni pé mò ń sọ ẹ̀sìn mi nù. Àyà èmi náà já. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ti wà lẹ́nu mi kí n tó rántí Òwe 18:13, pé ẹni tó bá dáhùn ọ̀rọ̀ kó tó gbọ́, wèrè àti ìtìjú ni fún un.

Mo bá jókòó ti orin náà. (Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá àti ọmọ kí n tó kọ èyí o.)

Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó ń jẹ́ R.E.M. ló gbé e jáde ní 1991. Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia, lápá gúúsù Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti wá. Lọ́hùn-ún, bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ sọ ẹ̀sìn òun nù, kò ní in lọ́kàn láti fi Ọlọ́run sílẹ̀. Sùúrù rẹ̀ ló tán, ó kù díẹ̀ kó bú jáde. Àwa náà ńkọ́? Bí ọlọ́kadà bá fi ọ̀kadà gbá wa lẹ́sẹ̀ tó tún ń bú wa, ṣebí a ó ní, "Ẹ má jẹ̀ẹ́ n gbàgbé pé Kristẹni ni mí o!" Àlejò tó bá gbọ́ ìyẹn lè rò pé a fẹ́ sẹ́ Jésù láàárín títì. Michael Stipe tó kọ ọ̀rọ̀ orin náà ti sọ ọ́ pé kò kan ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ti ẹni tó ń yánhànhàn ẹlòmíràn, tí kò mọ ohun tó wà lọ́kàn onítọ̀hún.

Fídíò rẹ̀ ló fún mi níṣẹ́. Tarsem Singh, ọmọ Íńdíà, ló darí rẹ̀. Ẹ ó rí àwòrán Sebastian ajẹ́rìíkú tí wọ́n ta lọ́fà, ẹ ó rí òrìṣà àwọn ará Íńdíà, ẹ ó sì rí arúgbó kan tó ní ìyẹ́ apá. Màmá ní wọ́n ń fi ohun mímọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá fi àwòrán ẹni mímọ́ ṣe orin ìfẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́, kó má bínú bí a bá bi í léèrè.

Ṣùgbọ́n arúgbó yẹn, inú ìtàn kan tí Gabriel García Márquez, ará Kòlóńbíà, kọ ni wọ́n ti rí i. Arúgbó oníyẹ̀ẹ́ já bọ́ sí àgbàlá tọkọtaya kan. Wọ́n tì í mọ́ ilé adìyẹ, wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń wá wò ó. Lẹ́yìn tí mo mọ èyí, mo tún fídíò náà wò, ojú sì tì mí díẹ̀. Ẹni tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà lórí áńgẹ́lì, ṣé kò jọ àwa òjíṣẹ́ mìíràn?

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo pe ọmọ náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Mo ní kí ó sọ ohun tí òun ń gbọ́ nínú orin náà fún mi. Ó wolẹ̀ títí.

"Pásítọ̀, ọmọbìnrin kan ni, níbi iṣẹ́ wa. Ó ti lé lọ́dún kan. Ẹ̀rù ń bà mí láti bá a sọ̀rọ̀."

Màmá fi gèlè nu ojú, wọ́n sún àga mọ́ ọn.

"Ọmọ ta ni?"