Kì í ṣe owó nìkan ni Wales pàdánù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí Brexit, ìyẹn bí Britain ṣe jáde kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, níbi tí akọ̀wé yín ti pe àwọn ará àfonífojì Wales ní aláìmoore: Yúróòpù ń la ọ̀nà fún wọn, wọ́n sì dìbò pé àwọn ò ṣe mọ́. Merthyr Tydfil ni èmi ń gbé. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ìbò náà. Ní Blaenau Gwent, tí kò jìnnà sí wa, ìdá 62 nínú 100 ló ní kí Britain jáde lọ́dún 2016. Ṣùgbọ́n èébú yẹn ò jẹ́ kí òǹkàwé rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an.

Owó tí Yúróòpù ń pín fún àwọn agbègbè tó rẹ̀yìn kì í ṣe ìtọrẹ àánú. Òfin ni. Ẹ ṣírò gbogbo ohun tí agbègbè kan ń mú jáde lọ́dún, ẹ pín in sórí àwọn tó ń gbé ibẹ̀; bí kò bá tó ìdá 75 nínú 100 ti Yúróòpù lápapọ̀, ìpín tó pọ̀ jù ti di ẹ̀tọ́ wọn nìyẹn. Kò kan ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n ń ṣe, kò kan ẹni tí wọ́n mọ̀ ní Brussels, ibùjókòó Àjọ náà. Ọdún méje-méje ni wọ́n ń ṣètò rẹ̀, kí kánsù tó bá dáwọ́ lé afárá má baà dá a dúró sí àárín odò. Owó ọ̀hún ò sì kéré: ti ọdún 2021 sí 2027 tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 392 yúrò, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìnáwó Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù.

Ọdún 2000 ni Ìwọ̀-Oòrùn Wales àti àwọn Àfonífojì bọ́ sí ìpele yìí, lẹ́yìn tí àwọn ibi ìwakùsà èédú ti kógbá sílé. Apá kan wà nínú òfin náà tí àwọn èèyàn kì í sábà dárúkọ: ìjọba orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ fi owó tirẹ̀ kún un, kò sì gbọdọ̀ torí pé owó Yúróòpù dé kó yọwọ́ nínú ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Alun Michael, olórí ìjọba Wales nígbà náà, ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìjọba Britain ní Lọ́ńdọ̀nù máa mú owó àfikún yẹn wá. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ó fipò sílẹ̀ kí àwọn aṣòfin tó fìbò lé e. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, Lọ́ńdọ̀nù ti yọ owó. Ẹni tó ń tọrọ kì í rí irú ìyẹn ṣe.

Mi ò ní owó náà tún gbogbo nǹkan ṣe o. Ó wà lára ohun tí wọ́n fi fẹ ọ̀nà A465 tí mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́, ó sì wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ọgbà Yunifásítì Swansea tó wà létí òkun. Síbẹ̀, nígbà tí ètò ọdún 2014 bẹ̀rẹ̀, a ò tíì kúrò nísàlẹ̀ 75 yẹn. Láti ọdún 2002 ni ilé iṣẹ́ irin Ebbw Vale ti kógbá wọlé, ọ̀nà tó dán kò sì dá iṣẹ́ padà. Òun gan-an làwọn ọmọ wa ń gbà lọ sí Cardiff, olú-ìlú Wales. Ẹ bi àwọn aládùúgbò mi, wọ́n á ní àkọlé tí ìràwọ̀ àsíá Yúróòpù wà lára rẹ̀ làwọn rí, àwọn ò ríṣẹ́. Ṣé àìmoore nìyẹn?

Ohun tó tẹ̀ lé e ló yẹ kí akọ̀wé yín kọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ìjọba Lọ́ńdọ̀nù gbé àpò owó míì kalẹ̀, bílíọ̀nù 2.6 pọ́ọ̀nù fún gbogbo Britain, ọdún mẹ́ta péré, ìpinnu rẹ̀ sì kúrò lọ́wọ́ ìjọba Wales ní Cardiff. Wọ́n tún ní bílíọ̀nù 4.8 míì tí àwọn kánsù máa fi ìwé ẹ̀bẹ̀ du láàárín ara wọn. Àwọn kánsù tó ti jẹ gbèsè tún ń sanwó fún àwọn amòye tó ń báni kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èsì ìpín kejì jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023, nínú ìwé tó lé ní 500 tó wọlé, 111 ló rí ṣe. Lẹ́yìn tí ìwé ti wọlé tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé ẹni tó ti gbà nígbà àkọ́kọ́ ò ní rí gbà mọ́! Andy Street, olórí agbègbè West Midlands ní England nígbà náà, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba nígbà yẹn fúnra rẹ̀, bínú pé ọ̀rọ̀ ti di gbígbé igbá alágbe.

Yúróòpù fúnra rẹ̀ ti ń wo ọ̀nà tó jọ ọ́. Ní oṣù keje ọdún 2025, Àjọ Alákòóso Yúróòpù dábàá pé láti ọdún 2028, kí wọ́n da owó àgbẹ̀ àti owó agbègbè pọ̀ sínú ètò kan ṣoṣo fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn olú-ìlú ló máa di kọ́kọ́rọ́ mú, àgbẹ̀ àti agbègbè tó rẹ̀yìn á sì máa jìjàdù lórí àwo kan náà. Mo fẹ́ kí akọ̀wé yín wádìí bó ṣe máa kan àwọn agbègbè tó rẹ̀yìn bíi Calabria ní Italy àti ìlà-oòrùn Poland, kó sì fi àwọn ará ibí sílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì,
Merthyr Tydfil, Wales